Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ẹ, Ojú Tó Pa Á Mọ́

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ère náà. Ojú méjèèjì jìn wọnú igi díẹ̀, imú sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti iwájú orí, ẹnu ṣí roboto. Abẹ́ orí yìí ni ara ti bẹ̀rẹ̀, ó gùn, ó sì rí pẹlẹbẹ. Ìlà kún ara náà láti òkè délẹ̀. Àwọn kan dábùú níbi àyà, ó jọ pé egúngún ìhà ni wọ́n dúró fún. Àwọn mìíràn ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ lọ sísàlẹ̀, wọ́n ṣẹ́rí padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fi ojú tẹ̀lé wọn, láìròtẹ́lẹ̀ ni ojú ènìyàn kékeré kan á yọ sí i láàrin ìlà. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, òmíràn á tún yọ.

Ère Shigir ni ayé ń pè é. Ìlú Yekaterinburg ní orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà ló wà, nínú mùsíọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ Sverdlovsk. Nínú àwọn ère ńlá tí a fi igi gbẹ́ tí ayé mọ̀, òun ni àgbà; ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 12,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, yìnyín tó bo apá àríwá ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sẹ́yìn ni. Ọdẹ àti apẹja ni àwọn ènìyàn ibẹ̀. Wọn kò dáko, wọn kò mọ ìkòkò, wọn kò mọ irin. Ọdún tó wà láàrin ère yìí àti àwọn píramídì Íjíbítì pọ̀ ju ọdún tó wà láàrin píramídì àti àwa lọ.

Ìyìn méjì ni mo mú wá síbí. Ìkíní jẹ́ ti ẹni tó gbẹ́ ère náà, ẹni tí kò fi orúkọ sílẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti àwọn tó rí i tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, pàápàá jù lọ ẹnì kan nínú wọn tó jẹ́ pé gègé ìyàwòrán ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ojú ni iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá wo nǹkan dáadáa kò lè pa á mọ́.

Igi larch ni agbẹ́gilére náà yàn. Igi ilẹ̀ òtútù ni larch, ó máa ń ga, ó máa ń tọ́, ó le, oje sì pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka òrùka inú ìtì náà, wọ́n bá 159 níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó kéré tán igi yìí ti lo 159 ọdún lórí ìdúró kí wọ́n tó gé e. Kò sí ẹni tó ń ṣèèṣì gé irú igi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àáké òkúta. Wọ́n wá a ni, wọ́n yàn án ni. Òkúta ni wọ́n fi lé e, òkúta ni wọ́n sì fi sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Lápapọ̀, gígùn ère náà lé ní mítà 5. Ẹni tó bá ti rí ìtì igi tútù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ rí yóò mọ̀ pé bí a bá tilẹ̀ rí ẹnì kan tó ni ọnà náà lọ́kàn, ọwọ́ púpọ̀ ni yóò ti bá a gbé e, tí yóò bá a yí i.

Mikhail Zhilin, awalẹ̀pìtàn ará Rọ́ṣíà tó ti pẹ́ nínú ìwádìí àwọn ilẹ̀ irà agbègbè náà, fi máíkírósíkóópù wo ojú igi yìí láti mọ bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra. Ohun tó rí fi hàn pé iṣẹ́ náà ní ètò. Lẹ́yìn ọnà lílé ni dídán. Kí wọ́n tó fín ìlà kankan, wọ́n ti fi òkúta oníyanrìn wínníwínní ha ojú igi náà títí ó fi jọ̀lọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ṣe máa ń fi ewé ìpín dán ère. Lórí ojú tó ti jọ̀lọ̀ yìí ni fínfín ti bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, abẹ òkúta mẹ́ta ni wọ́n lò, ẹnu wọn kò sì fẹ̀ bákan náà. Èyí tó yẹ fún ìlà gbọọrọ kọ́ ló ṣe igun, èyí tó ṣe igun kọ́ ló ṣe kòtò.

Àwọn ojú ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn, irinṣẹ́ tí Zhilin sì rí àpá rẹ̀ níbẹ̀ yà mí lẹ́nu gidigidi. Egúngún àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹranko tí wọ́n ń pè ní beaver ni. Ẹranko inú omi ni, eyín iwájú rẹ̀ ló sì fi ń gé igi lulẹ̀. Iwájú eyín náà le, irin wà nínú èròjà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Bí ẹranko náà ṣe ń jẹ igi, ẹ̀yìn ń jẹ tán kíákíá ju iwájú lọ, nítorí náà ẹnu eyín kì í kú, ó ń pọ́n ara rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn ìgbà náà wo ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sí ẹnu ẹranko yìí, wọ́n là á sí méjì, wọ́n sọ ọ́ di abẹ ìgbẹ́nà. Eyín tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gé igi ni wọ́n tún fi gbẹ́ ojú sára igi. Ẹni tó ronú kan irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ igi, ó mọ ẹranko, ó sì mọ ohun tí òkúta kò ní lè ṣe fún un nínú kòtò kékeré ojú àti ẹnu.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yin agbẹ́gilére yìí jù lọ ni ìkóra-ẹni-níjàánu rẹ̀. Orí nìkan ló gbẹ́ jáde gbangba. Àwọn ojú tó kù, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ inú ọnà ara, ó jẹ́ kí ìlà tó ń kọjá lọ di àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó di imú, kó tún padà di ìlà. Ẹni tó bá ń kánjú yóò rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àfi ẹni tó bá fara balẹ̀ ni yóò rí àwọn tó wà níbẹ̀. Ìlà tí a bá sì ti fín sára igi kò ṣeé parẹ́. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe náà ti di ara ère. Pẹ̀lú gígùn rẹ̀ yìí, àwọn ìlà náà kò dàrú, wọn kò sì wọra. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ló gbẹ́ ẹ, ọ̀gá kan sì ti kọ́ ọ ṣáájú.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1890 ni àwọn awakùsà tó ń wa wúrà ní irà Shigir, ní apá ìlà-oòrùn àwọn òkè Ural, kan igi yìí ní nǹkan bí mítà 4 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Irà náà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà sí Yekaterinburg. Odidi kọ́ ni wọ́n rí. Ó ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ọlọ́lá Alexei Stenbok-Fermor, tó ni ilẹ̀ náà, fi í ta mùsíọ́ọ̀mù ìlú lọ́rẹ. Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí igi jíjẹrà tí àwọn tó ń wá wúrà bá pàdé, èyí ni orí rere ère náà. Igi ìdáná ni ì bá dà.

Báwo ni igi ṣe lo ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ láìjẹrà tán? Ikán, olú àti kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ igi, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì nílò afẹ́fẹ́. Nínú irà ilẹ̀ òtútù, ewéko inú omi ń kú lé ara wọn lórí lọ́dọọdún, wọ́n ń di ẹrẹ̀ dúdú kíki, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ibẹ̀. Omi náà tún kan díẹ̀, kíkan yìí kò sì bá àwọn tó ń jẹ igi lára mu. Ohun tó bá rì síbẹ̀ lè wà fún àìmọye ọdún.

Síbẹ̀, wíwà yẹn ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ igi. Díẹ̀díẹ̀, apá kan nínú ohun tó gbé ògiri inú igi ró máa ń yọ́ lọ, omi á sì gba ipò rẹ̀. Igi á ṣì dúró bó ṣe wà, àpá abẹ á ṣì hàn lára rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n omi ló ń gbé e dúró. Bí wọ́n bá gbé e sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ, bí omi ṣe ń sá kúrò nínú ihò tóóró kọ̀ọ̀kan ló ń fa ògiri rẹ̀ mọ́ra. Ògiri tí kò lágbára mọ́ á wó. Igi á sún, á lọ́, á là, gbogbo ìlà tí ẹnì kan fi sùúrù fín á sì wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí igi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí wà ní Scotland. Ní ọdún 1880, àwọn òṣìṣẹ́ rí ère obìnrin kan ní Ballachulish, nísàlẹ̀ irú ẹrẹ̀ dúdú yìí kan náà. Igi alder ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, òkúta funfun kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ẹyin ojú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,600 ọdún. Ìmọ̀ tó lè dá omi inú rẹ̀ dúró kò tíì sí nígbà náà. Ó gbẹ, ó lọ́, ó là. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Edinburgh lónìí, ó ṣì ń wo ènìyàn lójú kòrókòró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí nígbà tó jáde nínú ilẹ̀, àfi kó lọ wo fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yà á.

Ọ̀ràn yìí ló mú mi padà sí Yekaterinburg. Nígbà tí àjákù ère Shigir dé mùsíọ́ọ̀mù, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lobanov kó àwọn tó tóbi jọ, ó tò wọ́n pọ̀, ère náà sì dúró ní mítà 2.8. Orí wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì tó ohun tí àlejò lè wò. Àjákù tó kù wà ní ìpamọ́, kò rí àyè lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ọdún 1914, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Vladimir Tolmachev bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe ni mo fẹ́ kí a fojú sí. Kò gba ohun tó dúró níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ nítorí pé ó ti dúró. Ó lọ sídìí àwọn àjákù tí kò sí ẹni tó lò. Ó wo ibi tí ìlà ti gé lára èyí, ó wá ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ lára ìyẹn.  Nígbà tó parí, ère náà ti kúrò ní mítà 2.8, ó ti di mítà 5.3. Ọ̀pọ̀ ojú tó wà lára rẹ̀ di ohun tí a lè ka. Lẹ́yìn náà ló mú gègé, ó ya ère náà, ó fi ìlà kọ̀ọ̀kan sí ibi tó wà.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, rògbòdìyàn àti ìyípadà ìjọba dé bá Rọ́ṣíà. Apá kan lára àwọn àjákù náà sọnù. Nǹkan bí mítà 2 lára ère yìí ni ojú kò rí mọ́ láyé. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa apá náà, gbogbo ìlà rẹ̀ àti gbogbo igun rẹ̀, inú àwòrán Tolmachev ló wà. Bí ó bá jẹ́ pé ó yà á bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà òde lásán, bí ó bá fi ìlà méjì dípò mẹ́rin torí pé wọ́n jọra, ohun tó sọnù ì bá ti sọnù tán. Kò ní oògùn tó lè fi pa igi mọ́. Ojú ló ní, ó lò ó dáadáa, gègé rẹ̀ sì ṣe ohun tí àpótí gíláàsì kò bá tí lè ṣe.

Àwọn tó ní oògùn náà kò ṣàì rí ìṣòro tiwọn. Ní ọdún 1904, lábẹ́ Gabriel Gustafson, wọ́n hú ọkọ̀ ojú omi Oseberg jáde nínú òkìtì kan ní Norway, ibi tí wọ́n sin obìnrin méjì sí ní ọdún 834. Igi tí wọ́n gbẹ́ ló kún inú rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ẹrù, pákó ìwọ́lórí yìnyín, òpó tí wọ́n gbẹ́ orí ẹranko sí, tí ọnà wọn lọ́ mọ́ra débi pé ojú kò mọ ibi tí ẹranko kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Igi oak ọkọ̀ náà le, wọ́n rọra jẹ́ kó gbẹ, ó sì gbà. Àwọn igi tó rọ̀ ni wọ́n sè nínú omi álọ́ọ̀mù gbígbóná kí álọ́ọ̀mù lè le nínú wọn kó sì gbé wọn ró. Ìmọ̀ tó dára jù lọ nígbà náà nìyẹn, ọwọ́ tó ṣe é sì jáfáfá. Ṣùgbọ́n sísè yẹn bí ásíìdì sínú igi, ásíìdì náà ti ń jẹ ẹ́ láti inú wá fún ohun tó ju 100 ọdún lọ. Lóde, ọnà náà ṣì ń dán. Nínú, igi ti ń di ìyẹ̀fun. Yunifásítì Oslo kó àwọn onímọ̀ kẹ́míkà jọ láti wá ọ̀nà àbáyọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí ni PEG, ohun kan tó dà bí ìda ṣùgbọ́n tó ń yọ́ nínú omi. Wọ́n á ri igi sínú rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ lò, wọ́n á máa fi kíki kún un díẹ̀díẹ̀, kó lè máa gba ipò omi láìjẹ́ kí ògiri kankan wó. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ọkọ̀ Vasa ti Sweden, tí wọ́n fà jáde nínú òkun ní ọdún 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń wọ́n ọn lé e lórí. Lẹ́yìn PEG, wọ́n tún lè sọ omi tó kù di yìnyín, kí wọ́n sì fa yìnyín náà jáde gẹ́gẹ́ bí oru láìjẹ́ kó tún di omi, kí nǹkan kan má baà fa ògiri mọ́ra. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kánjú. Ó ń wọn igi, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dúró. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan. Ìlà ẹni àtijọ́ ni àlejò yóò máa yìn.

Ohun tí a bá fi tọ́jú igi sì lè purọ́ fún ẹni tó ń wá ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ọdún 1997, àyẹ̀wò rédíò-kábọ́ọ̀nù fi ère Shigir sí ohun tó ju 9,000 ọdún. Àwọn kan kò gbà, wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ ọdẹ àti apẹja. Nígbà tí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ní ọdún 2014, Zhilin, Svetlana Savchenko tó ń tọ́jú ère náà ní mùsíọ́ọ̀mù, àti Thomas Terberger ará Jámánì, wọ́n mú igi díẹ̀ láti àárín ìtì náà lọ́hùn-ún, níbi tí ohun tí wọ́n fi pa ojú rẹ̀ mọ́ kò dé. Ilé àyẹ̀wò kan ní Mannheim ló ṣe é. Ìdáhùn tó jáde, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2018, jẹ́ nǹkan bí 11,600 ọdún; ìṣirò tó tún jáde ní ọdún 2021 tì í kọjá 12,000. Àwọn tó sọ pé ó dàgbà jù, òun tún dàgbà ju ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lọ.

Ojú kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn Tolmachev, lẹ́yìn gbogbo àlejò tó ti kọjá níwájú àpótí rẹ̀, ojú ènìyàn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí ṣì tún hàn nínú àwọn ìlà náà ní ọdún 2003. Àpapọ̀ wọn ti di mẹ́jọ báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ wọn.

Nàìjíríà náà ní irú igi àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde láti inú ilẹ̀. Ní ọdún 1987, Fúlàní darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe òní, ló bá kan ohun líle nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, ìtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn tó mítà 8.4, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt ló jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, Peter Breunig sì wà nínú wọn. Ẹ wo iṣẹ́ ara rẹ̀: orí rẹ̀ mú, ìdí rẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, láìsí irin. Kò sí ẹni tí ó ń gbẹ́ irú èyí lẹ́ẹ̀kínní. Ìran lé ìran ti gbẹ́ ọkọ̀ ṣáájú rẹ̀ lórí omi tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Damaturu ló wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn igi, kẹ́míkà àti yíyàwòrán ti máa lọ kọ́ṣẹ́.

Nítorí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ ilẹ̀ tútù níbikíbi, ẹni tó ń gbẹ́ kànga tàbí tó ń la ọ̀nà omi lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pàdé rẹ̀. Kó má ṣe sá a sóòrùn. Kó má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kó jẹ́ kó tutù, kó fi ẹrẹ̀ tó bá a níbẹ̀ bò ó, kó yà á ní fọ́tò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ohun ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ kíákíá.

Agbẹ́gilére Shigir ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó sì ṣe é fún ẹni tó bá ní sùúrù. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni láti wo ohun tí àwọn irú rẹ̀ fi sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀ láìdín kù, ká tó gbìyànjú láti tún un ṣe. Oògùn ọdún yìí lè di àléébù ní ọ̀rúndún tó ń bọ̀, àwọn ará Norway lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n yà lóòótọ́ ní ọdún 1914 ṣì ń sọ òtítọ́ títí di òní.